Ta ni tálákà nílẹ̀ olówó?

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó wà ní Amẹ́ríkà pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Prọ̀f, àwọn tí wọ́n ń pè ní tálákà níbí ní mọ́tò, wọ́n ní fíríìjì. Irú ìṣẹ́ wo nìyẹn?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fún mi láyè, n ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ibi ebi yẹn gan-an ni Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀. Mollie Orshansky, ọmọ àwọn aṣíkiri tó dàgbà nínú àìní ní Bronx, ló ṣe ìṣirò náà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ọba ní 1963. Ìwádìí 1955 ti fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fún ìdílé ló ń bá oúnjẹ lọ. Ló bá mú iye owó oúnjẹ tó rọjú jù lọ nínú ètò oúnjẹ ìjọba, ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin, ó jẹ́ nǹkan bíi $3,100 lọ́dún. Kò sọ pé iye yẹn tó o. Ohun tó sọ ni pé ohun tó bá dín sí i kò lè tó.

Ní 1969, ìjọba sọ ọ́ di òṣùwọ̀n fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti ìgbà náà, bí ọjà ṣe ń wọ́n ni wọ́n ń fi kún un, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yí. Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ kò gba ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìdílé mọ́. Owó ilé àti owó ìwòsàn ló ń gbé e lọ. Ààlà yìí ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó pinnu ẹni tó máa gba ìrànwọ́ oúnjẹ. Ẹni tó bá fi díẹ̀ ré e kọjá kì í ṣe tálákà nínú ìwé, ì báà jẹ́ pé gbèsè ló fi ń sanwó ilé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Townsend gba ọ̀nà mìíràn nínú ìwé rẹ̀ ti 1979. Lójú tirẹ̀, tálákà ni ẹni tí àìrówó kò jẹ́ kó lè gbé irú ayé tí àwọn ará àwùjọ rẹ̀ ń gbé. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó yó, ṣùgbọ́n tó ń sá fún òde torí kò lówó aṣọ ẹbí, ṣé ìṣẹ́ tirẹ̀ ti bùṣe?

Nítorí náà, ọmọ mi, mọ́tò tí o rí yẹn, bi ara rẹ: níbi tí kò sí bọ́ọ̀sì, báwo ni yóò ṣe dé ibi iṣẹ́ láìsí i?