Àwọn Ọmọ tí Wọ́n Kó Sá fún Ogun Bíáfírà

Bí a bá ń kọ́ni ní ìtàn ogun abẹ́lé Nàìjíríà (1967 sí 1970), orúkọ àwọn ọ̀gágun ló máa ń gba ẹnu wa kan. A kì í sábà mẹ́nu ba àwọn ọmọdé tí wọ́n kó sá fún un.

Ní 1968, ebi ti gbilẹ̀ ní Bíáfírà. Ikùn ọmọdé ń wú, irun wọn ń pọ́n, nítorí àìrí oúnjẹ aṣaralóore jẹ. Ní Uli, níbi tí wọ́n ti sọ títì di pápá ọkọ̀ òfuurufú, òru ni ọkọ̀ àwọn ìjọ Kristẹni ń já oúnjẹ sílẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù bọ́ǹbù. Bí àwọn kan bá ń padà, wọn a gbé àwọn ọmọ tí àìsàn ti wọ̀ lára lọ sí Gabon, Ivory Coast àti São Tomé fún ìtọ́jú.

Dídá wọn padà ló wá nira. Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, ṣùgbọ́n Gabon àti Ivory Coast ti gbà tẹ́lẹ̀ pé orílẹ̀-èdè ni Bíáfírà. Àárín wọn àti ìjọba àpapọ̀ kò gún mọ́. Àfi ìgbà tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn asásàálà dá sí i ni nǹkan bí 5,000 ọmọ tó padà wálé, láàárín ìparí 1970 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1971.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà tí wọ́n gbé e lọ kò lè dárúkọ abúlé bàbá rẹ̀. Ìwé tí wọ́n bá kọ kí ọkọ̀ tó gbéra ló lè sọ ọ́. Lójú tèmi, ìwé yẹn kò kéré sí oògùn.