Ọmọ́wálé tí Ijó Sọ di Ọ̀mọ̀wé



Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá sí ìpàdé tó kọjá á rántí màmá wa tó fẹjọ́ ọmọ rẹ̀ sùn. Ọmọ ti gboyè ní yunifásítì, ó wá ní òun fẹ́ padà lọ kọ́ ijó, kóun fi gba másítà. Màmá ní, "Ijó kẹ̀? Ijó tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń jó níbi ìkómọ?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Àmọ́ nígbà tí mo délé, mo rántí obìnrin kan tí wọ́n fún lórúkọ ní Ifẹ̀.

Pearl Primus ni. Trinidad ni wọ́n bí i sí ní 1919, New York ló dàgbà sí. Dókítà ló fẹ́ dà. Ó ka báọ́lọ́jì ní Hunter College, ó gboyè ní 1940, ó wáṣẹ́ títí, àmọ́ aláwọ̀ dúdú ni, wọn ò gbà á. Ètò ìjọba kan tó ń wáṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ló gbé e dé àárín àwọn oníjó. Àìríṣẹ́ ló kọ́kọ́ tì í débẹ̀, ẹ ò rí nǹkan!

Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Kó tó gbé ijó ilẹ̀ Áfíríkà jáde lórí ìtàgé ní 1943, inú ìwé àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ti ń wá a kiri. Lọ́dún kejì, ó lọ bá àwọn dúdú tó ń ṣiṣẹ́ oko òwú ní gúúsù Amẹ́ríkà gbé, kó lè mọ bí ara wọn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní 1948, àjọ Rosenwald fún un lówó pé kó máa bọ̀ ní Áfíríkà. Ó dé Liberia, ó dé Gold Coast, ó dé Kóńgò, ó sì dé ọ̀dọ̀ tiwa. Nígbà tó dé Ifẹ̀, Ọọ̀ni sọ ọ́ ní Ọmọ́wálé. (Orúkọ yìí náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí fún Malcolm X n'Ìbàdàn ní 1964.)

Orúkọ yẹn ló ń dà mí láàmú. Ọmọ Trinidad wá kọ́ ijó, a ní ó wálé. Ọmọ tiwa tá a bí sí Kaduna, tó jẹ́ pé ọjọ́ àjọ̀dún wa nìkan ló ń fojú kan bàtá, tó wá ní òun fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Pearl ò dúró síbẹ̀ o. Ó jó, ó kọ́ èèyàn níjó, ó padà sí Liberia lọ ṣiṣẹ́. Ó gba másítà ní New York University ní 1959, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1978, ọgbọ̀n ọdún gbáko lẹ́yìn owó Rosenwald. Kí ló kọ̀wé lé lórí? Ìbòjú tí àwọn Mano ní Liberia ń dé jáde bí eégún, àti bí wọ́n ṣe ń fi kọ́ ọmọ wọn lẹ́kọ̀ọ́! Ohun tí bàbá àgbà á sọ fún ẹ lábẹ́ igi lọ́fẹ̀ẹ́, òun ni yunifásítì fi sọ ọ́ di dókítà tó ti ń wá látilẹ̀, bí kì í tiẹ̀ ṣe oníabẹ́rẹ́. Ní 1991, ààrẹ Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè wọn fún iṣẹ́ ọnà. Ó kú ní 1994.

Mo pe màmá wa lánàá, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ọgbọ̀n ọdún lo wí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Sọ fún un kó tètè lọ gba fọ́ọ̀mù o. Èmi ò ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fẹ́ fi dúró dè é."