Ọ̀ta, Ọ̀pẹ àti Òfin Ayò

Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé lókè òkun bi mí léèrè láìpẹ́ yìí pé, kí ló dé tí ìjà fi gba ìwé òfin eré orí tábìlì àwọn ọmọ òun tán, tí ọ̀rọ̀ sísọ kò sì rí ju ojú ìwé díẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín. Abẹ́ igi kan ní Òkè-Sopẹ̀n, Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ọkàn mi lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ní 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Inú eré ogun ni wọ́n ti fà á yọ, pàápàá Chainmail tó jáde ní 1971, tí wọ́n ti ń fi ère kéékèèké ṣe ọmọ ogun. Abájọ tí òfin rẹ̀ fi mọ bí wọ́n ṣe ń fi idà ṣá ènìyàn ju bí wọ́n ṣe ń bẹ ọba lọ. Ohun tí òfin bá kà ni òṣèré ń ṣọ́. Èyí tí kò bá kà, ó di ọwọ́ àwọn tó jókòó.

Ó yá, ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n tiwa. Ilé 12, mẹ́fà-mẹ́fà lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan; ọmọ mẹ́rin nínú ilé kan, gbogbo rẹ̀ 48. O kó ọmọ ilé kan, o ń jù ú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sílé ẹnìkejì, tó sì sọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Kò sí ohun tó pamọ́, kò sí pé orí ló ṣe é. Ìṣirò lásán ni. Bí òfin bá parí síbẹ̀, odi méjì lè ta á.

Àmọ́ òfin kò parí síbẹ̀. Bí ọmọ bá tán lójú ọ̀nà ẹnìkejì rẹ, tí o sì ní èyí tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí o fún un. O kò gbọdọ̀ febi pa á. Òfin fúnra rẹ̀ ló di ogun lọ́wọ́ mú, kí eré lè pẹ́, kí ọ̀rọ̀ sì máa lọ.

Ẹ tún wo ti orúkọ. Kò sẹ́ni tó ń jókòó nídìí ọpọ́n bí ara rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ ọ̀ta, èkejì ń jẹ́ ọ̀pẹ. Ẹni tó bá dé á kí wọn pé, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ!" Wọ́n á dáhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn!" Mo rántí bíríkìlà kan, ọmọdékùnrin lásán, tó máa ń bú baálé ilé wa nídìí ọpọ́n títí omi á fi bọ́ lójú àwọn òǹwòran. Bí wọ́n bá ti gbé ọpọ́n kúrò báyìí, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ kú eré o, bàbá." Ọ̀rọ̀ ọpọ́n kì í bá ènìyàn délé.

Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Netherlands fi kọ̀ǹpútà yẹ Awari, ọmọ ìyá ayò wa, wò látòkè délẹ̀: ipò tó lé ní bílíọ̀nù 889. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni. Ẹ gbọ́ o: àṣìṣe ló ń bí ọ̀ta! Ta ló sì ń mú ọ̀pẹ ṣe àṣìṣe? Ẹnu ni, tirẹ̀ tàbí ti òǹwòran. Nítorí náà, nídìí ayò, ọ̀rọ̀ àti ìjà kì í ṣe ẹrù méjì lórí òṣùwọ̀n. Ọ̀rọ̀ wà lára ohun ìjà.

Mo lọ wo ìdíje kan nígbà kan. Adájọ́ gbé aago síwájú, ó ní kí òǹwòran dákẹ́. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù: èébú láàárín àjèjì lè di ìjà gidi, torí kò sí ẹbí tí yóò pẹ̀tù sí i. Wọ́n ta ayò dáadáa. Síbẹ̀, n kò rí ọ̀ta, n kò rí ọ̀pẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orí fóònù, tí ọmọ ń dá nìkan ta.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó wà ní Agọ́-Ìwòyè, ní Abigi àti káàkiri etí omi, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ yín láyò, ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ ní kíkí yẹn. Ìṣirò á tẹ̀lé e.