Ìnákúnàá: Ta Ni Yóò Ru Igbá Délé?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jáde lẹ́nu wa nígbà tí a bá gbọ́ pé ìjọba ra ohun tí ará ìlú kò nílò, tàbí pé ẹnìkan ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láti fi ṣe àríyá ọjọ́ kan: ìnákúnàá. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú sí ohun tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀, tí a sì tọpasẹ̀ rẹ̀ láti ayé owó ẹyọ dé ayé owó epo rọ̀bì, a ó rí i pé kì í ṣe iye owó ni ó ń dá lẹ́jọ́. Ẹni tí yóò san án ni ó ń bèèrè.

Ìná ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, bí a sì ṣe hun ún náà ni a hun ìjẹkújẹ, ìsọkúsọ àti ìṣekúṣe. Jíjẹ kò burú, sísọ kò burú. Ohun tí ó sọ wọ́n di burúkú ni pé kò sí àṣàyàn nínú wọn: ohunkóhun tí ọwọ́ bá tẹ̀ ni a jẹ, ohunkóhun tí ó bá wá sẹ́nu ni a sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìnákúnàá ṣe jẹ́ ìná tí kò ní ìdí, tí kò sì ní ìwọ̀n. Ìdí nìyí tí olówó fi lè ná mílíọ̀nù kí ó má jẹ́ ìnákúnàá, tí tálákà sì lè fi igba náírà ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìbátan. Ohun tí ó ṣòfò lè má ní ẹlẹ́bi, nítorí òjò lè pa ọjà oníṣòwò kí ó sì ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ẹnìkan ya àpà, ìwà rẹ̀ ni a ń sọ. Bí a bá sì ní ó run ogún bàbá rẹ̀, a ti fi kún un pé kì í ṣe òun ni ó ṣiṣẹ́ kó o jọ. Àwọn Kristẹni mọ ọmọ tí ó gba ìpín tirẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè sí ọmọ onínàákúnàá. Ogún ni òun náà ná. Àwọn àgbà kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù àpà di ahun. Ààrin àwọn méjèèjì ni ọ̀làwọ́ dúró sí, ẹni tí ó la ọwọ́ rẹ̀ fún ọmọnìkejì, tí ó sì mọ ohun tí ó kù nílé.

Ní ayé owó ẹyọ, owó fúnra rẹ̀ ń bá onínàákúnàá jà. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ. Ẹrù odindi ènìyàn kan ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ná ọ̀kẹ́ márùn-ún níta gbọ́dọ̀ wá ènìyàn márùn-ún tí yóò rù ú, gbogbo àdúgbò yóò sì rí wọn bí wọ́n ti ń lọ. Ìṣirò ayé ìgbà náà ṣì wà nínú òwe tí ó ní ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbèje. Ẹ̀tọ́ láti tún rí owó yá ni àpà kọ́kọ́ ń ná tán.

Síbẹ̀, ìwúwo owó ẹyọ kò dá gbèsè dúró. Ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ẹjọ́ a máa fa ìdílé sínú gbèsè. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, a rí bí nǹkan ṣe rí. Ológò wà, ẹni tí olówó lè rán lọ jókòó sílé ajigbèsè, tí yóò máa da ilé náà láàmú títí wọn yóò fi wá owó. Ìwọ̀fà sì wà. Onígbèsè lè fi ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe dúró fún èlé nìkan. Kò dín ojú owó kù rárá. Ó lè jẹ́ pé ọmọ kékeré ni yóò máa roko olóko títí ilé rẹ̀ yóò fi rí gbogbo owó san.

Níbí ni a ti lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi gbóná tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn baba wa. Àpà kò ná owó tirẹ̀ nìkan. Ó ń ná ọdún ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn àgbà a máa sọ pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìkìlọ̀ àti àdúrà ni òwe náà, kì í ṣe ìròyìn ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo. Lọ́pọ̀ ìgbà, àgbà ni ó jẹun, ìwọ̀fà ni ó ru igbá.

Àṣà ìwọ̀fà ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ tún yọjú lọ́nà mìíràn nígbà tí owó epo dé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, Nàìjíríà fi náírà rọ́pò pọ́n-ún. Kí ọdún náà tó parí, ogun Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì ti mú kí owó epo lọ sókè, láti nǹkan bí dọ́là mẹ́ta lórí àgbá kan sí nǹkan bí dọ́là 12 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974. Ìgbìmọ̀ Udoji dámọ̀ràn àfikún owó oṣù, ìjọba Gowon sì san án pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1975. Owó Udoji di orúkọ lẹ́nu aráàlú, inú sì dùn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọjà fi gbówó lérí.

Sìmẹ́ǹtì ni ó fi ọ̀ràn náà hàn kedere. Nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ni ìjọba àpapọ̀ rà láti òkè òkun, Iléeṣẹ́ Ààbò nìkan sì ni ó béèrè nǹkan bí 16 mílíọ̀nù nínú rẹ̀. Èbúté Apápá kò lè já ju díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ láàárín ọdún kan. Ní ọdún 1975, nǹkan bí 400 ọkọ̀ ojú omi ni ó tò sórí òkun Èkó, sìmẹ́ǹtì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kó. Lójoojúmọ́ ni owó ìdádúró ń gun orí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, débi pé ó ṣe àwọn kan ní àǹfààní láti máa dúró ju kí wọ́n já ẹrù lọ. Apá kan sìmẹ́ǹtì náà sì gan pa nínú àpò. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá àpẹẹrẹ ìná tí kò ní ìwọ̀n, èyí tó.

Àpà kò mọ̀ pé ohun tí ó pọ̀ lè tán. Lọ́dún 1977 ni a ṣe àjọ̀dún FESTAC pẹ̀lú ayẹyẹ ńlá. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1978, orílẹ̀-èdè tí owó epo ń ya wọlé fún ti lọ yá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn báńkì òkè òkun. Owó epo já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1989, ìjọba Shagari sì fi òfin ìsúnnáwó lélẹ̀ ní ọdún 1982. Yíyá kò dúró, èlé àti owó ìtanràn sì ń gun ara wọn. Ní ọdún 2005 tí Nàìjíríà bá ẹgbẹ́ àwọn ayánilówó ti Paris ṣe àdéhùn, gbèsè tí a jẹ wọ́n tó nǹkan bí 30 bílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n fagi lé nǹkan bí 18 bílíọ̀nù, àwa sì san nǹkan bí 12 bílíọ̀nù. Ọmọ tí a kò tíì bí nígbà FESTAC ti di òṣìṣẹ́ tí ń san owó orí nígbà náà. Ìwọ̀fà ni òun náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀.

Òfin wa lónìí mọ ẹni tí ń ná owó nínáàná lójú agbo. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè mú ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà wá, ilé ẹjọ́ sì ti ń lò ó. Iyì bébà owó ni òfin yẹn ń dáàbò bò, n kò sì lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọ́n owó ara rẹ̀ lé onílù lórí ṣì lè ru igbá tirẹ̀ délé. Ẹni tí ó buwọ́ lu ìwé rírà ohun tí a kò nílò kì í ru igbá kankan.

Ohun tí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nínú bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà nísinsìnyí nìyí. A ń pe ọmọ tí ó da gààrí nù ní àpà, a sì ń bá a wí. Tí ó bá kan owó ìlú, a óò ní owó ìjọba ni, bí ẹni pé àjèjì kan ni ó ni ín. Àwọn tí ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ̀ pé owó ìdílé kì í ṣe owó àjèjì, nítorí wọ́n mọ orúkọ ọmọ tí yóò lọ ṣe ìwọ̀fà. Nítorí náà, nígbà tí a bá tún gbọ́ pé ìjọba fẹ́ yá owó, ẹ má jẹ́ kí a bèèrè iye rẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun tí a fẹ́ fi ṣe, iye ọdún tí a ó fi san án, àti ọjọ́ orí àwọn tí yóò máa san án lọ́wọ́.