Ẹni tí Ejò Bá Ti Bù Jẹ Rí

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Bí a bá pa òwe yìí, àwọn ọmọdé máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ojo ló ń bú. Òwe náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣàlàyé bí ọkàn ẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́tipẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan tó máa kọ́ èèyàn ní ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní saikọ́lọ́jì.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ekòló kò léyín, kò ní oró. Ejò tó ṣoró lọ́jọ́ kìíní ti bá tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀, àyà ẹni tí ejò bù jẹ yìí já, òógùn bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti gbé e kúrò níbẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ń sá. Ohun tó lé e ni èrò kan tó dúró láàárín ohun tí ojú rí àti ohun tí ara ṣe: ohunkóhun tó bá gùn, tó sì ń wọ́ nílẹ̀, ikú ni. Èrò náà yára débi pé ẹni tó ń rò ó kò mọ̀ pé òun rò ó. Ẹ̀rù nìkan ló mọ̀.

Irú èrò báyìí ni Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ní Philadelphia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí lára àwọn aláìsàn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àwọn tí ìbànújẹ́ ti wọ̀ lára ló ń tọ́jú. Ó rí i pé bí wọ́n ti ń bá òun sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ń lọ lábẹ́lẹ̀ nínú wọn, ọ̀rọ̀ kúkúrú tó ń yára wá tó sì ń yára lọ: n kò wúlò, ayé kò fẹ́ mi, ọ̀la kò ní í dáa. Ara ẹni, ayé, ọjọ́ iwájú: ibi mẹ́ta yìí ni èrò wọn ti wọ́. Nígbà tó yá, Beck ní èrò náà ló ń fún ìbànújẹ́ lóúnjẹ jẹ, bí a bá sì tọ́ èrò sọ́nà, ìmọ̀lára àti ìṣesí yóò tẹ̀ lé e. Ó fi èyí dá ọ̀nà ìtọ́jú kan sílẹ̀ tó ti tàn kárí ayé kí òun fúnra rẹ̀ tó kú ní 2021, lẹ́ni ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ṣáájú rẹ̀, ní 1932, Frederic Bartlett ní Cambridge ti tẹ ìwé jáde lórí ìrántí. Ó fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní ìtàn kan kà, ìtàn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì ní kí wọ́n tún un sọ. Ibi tí kò yé wọn, wọ́n fò ó. Ọkọ̀ tí wọ́n fi igi gbẹ́ di ọkọ̀ irú èyí tí àwọn ń rí lódò tiwọn. Wọn kò purọ́. Ohun tí ọkàn wọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi gba ohun tuntun wọlé, bí ẹni tí ejò bù jẹ ṣe fi ojú ejò gba ekòló.

Ní agbègbè Tchaourou lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lójú ọ̀nà tó gba Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Parakou, ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ wa ju bí ìwé ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ilẹ̀ iṣu àti kajú ni. Ẹni tó bá ń ro oko níbẹ̀ mọ̀ pé paramọ́lẹ̀ lè sùn sábẹ́ ewéko, ó sì mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn Saint-Martin ní Papanè bí ọ̀ràn bá dé. Àmọ́ oró mìíràn wà tí kì í ṣe ti ejò. Àwọn àgbẹ̀ tó ń sọ Yorùbá, àwọn Bàrìbá àti àwọn Fúlàní jọ ń gbé ilẹ̀ náà ni. Àwọn Fúlàní mìíràn ti wà níbẹ̀ láti ìran dé ìran, àwọn mìíràn ń da màlúù kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ká ní àgbẹ̀ kan jí lówùúrọ̀, tó bá oko iṣu rẹ̀ ní títẹ̀ mọ́lẹ̀, iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ti run lóru ọjọ́ kan. Ejò ti ṣán an nìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọmọkùnrin kan dúró létí oko ọkùnrin yìí pẹ̀lú ọ̀pá lọ́rùn àti màlúù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ọmọ náà tó la ẹnu, àgbẹ̀ ti rò ó parí: wọ́n ti tún dé, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ara rẹ̀ gbóná, ọwọ́ rẹ̀ wá àdá. Bóyá omi ni ọmọ náà fẹ́ tọrọ. Bóyá ọmọ Fúlàní tó ń bá àna àgbẹ̀ náà tọ́jú màlúù ni, nítorí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń fi màlúù tiwọn sọ́wọ́ Fúlàní. Ọmọ náà pẹ̀lú sì lè ní oró tirẹ̀: ó lè ti rí màlúù bàbá rẹ̀ tí wọ́n fi àdá ṣá. Nígbà tó rí àdá, òun náà rò ó parí. Ẹni méjì tí kò ṣẹ ara wọn rí ló dúró lójúkojú, ejò ni oníkálukú sì ń wò. Mo kà á sí ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ń dunni jù ní ilẹ̀ wa pé a máa ń ka irú ìjà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, nígbà tó jẹ́ pé èrò tí a kò yẹ̀ wò ló dá a sílẹ̀.

Bí èrò bá pẹ́ lọ́kàn, ìwà ló ń dà. Ẹni tó ń rò lójoojúmọ́ pé gbogbo èèyàn fẹ́ rẹ́ òun jẹ yóò máa fura, yóò máa tètè bínú, àwọn ará ilé yóò sì máa sọ pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Èèyàn kọ́kọ́ máa ń kọ́ èrò ni, lára ohun tó jẹ ẹ́ níyà tàbí lẹ́nu àwọn òbí tó ń sọ ọ́ létí rẹ̀ ní alaalẹ́, ohun tí a bá sì kọ́, a lè tún un kọ́.

Ẹ̀rí èyí wà nítòsí. Ní Monrovia, olú ìlú Làìbéríà, lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 2003, àwọn ọ̀dọ́kùnrin pọ̀ ní ìgboro tó jẹ́ olè jíjà, oògùn olóró àti ìjà ni wọ́n fi ń jẹun. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Christopher Blattman, Julian Jamison àti Margaret Sheridan, bá ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú 999 nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà. Wọ́n ṣẹ́ gègé, wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́rin: àwọn kan gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lórí èrò àti ìkóra-ẹni-níjàánu, àwọn kan gba 200 dọ́là, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn kan kò gba nǹkan kan. Àwọn olùkọ́ náà kì í ṣe dókítà. Àwọn tó ti gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ rí wà lára wọn. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà láti dúró díẹ̀ nígbà tí inú bá ń ru, láti wẹ̀, kí wọ́n gẹrun, kí wọ́n wọ báǹkì àti ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sì fojú ara wọn rí i pé aráyé lè wò wọ́n bí ọmọlúàbí. Ìwà ipá àti olè jíjà dín kù. Lọ́dọ̀ àwọn tó gba ẹ̀kọ́ nìkan, èrè náà ń ṣá bí ọdún kan ti ń kọjá. Lọ́dọ̀ àwọn tó gba ẹ̀kọ́ àti owó, ó dúró. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìwà ipá àti olè jíjà láàárín wọn ṣì fi bí ìdajì dín sí ti àwọn tí kò gba nǹkan kan.

Ìyàtọ̀ tí owó mú wá yìí ṣe pàtàkì lójú mi ju ohun gbogbo lọ. Ejò wà nígbó ní tòótọ́. Ẹni tó bá sọ fún àgbẹ̀ pé kó yí èrò rẹ̀ padà, nígbà tí màlúù ṣì ń wọ oko rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì san owó gbà-máà-bínú fún un, ẹni náà ń fi ìyà rẹ̀ ṣeré ni. Ìtọ́jú tí Beck gbé kalẹ̀ kò sọ pé kí aláìsàn máa wí pé ohun gbogbo dáa. Ìbéèrè ló ń bi í: kí ni ojú rẹ rí gan-an? Ẹ̀rí wo ló wà, èwo ni kò sí? Ǹjẹ́ àlàyé mìíràn wà? Ẹni tó bá lè dáhùn yóò mọ ejò yàtọ̀ sí ekòló, yóò sì pa okun rẹ̀ mọ́ de ibi tí ejò wà.

Kò dìgbà tí a bá ní dókítà ọpọlọ ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Ní Harare, lórílẹ̀-èdè Sìmbábúè, Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà ní 2006 láti jókòó lórí àga pẹ̀lú ẹni tí ìrònú ti bò mọ́lẹ̀, kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀, kí wọ́n sì bá a tú ìṣòro náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dán an wò pẹ̀lú 573 èèyàn, tí àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2016, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó bá àwọn ìyá àgbà jókòó ló ṣì ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, nígbà tó jẹ́ bí 50 lọ́dọ̀ àwọn tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá. Àwọn ìyá àgbà wà lọ́dọ̀ wa náà, ní Tchatchou, ní Bétérou, ní Kika.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin baálẹ̀ àti ẹ̀yin àgbà Fúlàní tí ẹ máa ń jókòó parí ìjà oko àti màlúù. Kí ẹ tó ka iye ebè tó bàjẹ́, kí ẹ tó dá owó ìtanràn, ẹ bi àgbẹ̀ léèrè ohun tó wá sí i lọ́kàn nígbà tó kọ́kọ́ rí ọmọ náà, kí ẹ sì bi ọmọ náà ní irú ìbéèrè kan náà, kí àwọn méjèèjì gbọ́ ìdáhùn ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rí i pé wọ́n san owó àgbẹ̀ fún un.