Algernon Sidney

Algernon Sidney (1623–1683), onímọ̀ ìṣèlú ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọmọ ìjòyè Leicester. Ó jagun fún ìgbìmọ̀ aṣòfin lòdì sí Ọba Charles Kìn-ín-ní, ó sì fara gbọgbẹ́ ní ogun Marston Moor ní ọdún 1644. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n yàn án mọ́ àwọn tí yóò dá ẹjọ́ ọba náà, ó kọ̀, ó ní ilé-ẹjọ́ yẹn kò lẹ́tọ̀ọ́. Òkè òkun ló wà nígbà tí ìdílé ọba padà sórí ìtẹ́ ní 1660. Kò wálé títí di 1677.

Robert Filmer, alátìlẹ́yìn agbára ọba, ti kọ̀wé pé láti ìgbà Ádámù, bí bàbá ṣe láṣẹ lórí ọmọ ni ọba ṣe láṣẹ lórí ìlú. Sidney kọ ìwé ta kò ó: àwọn ènìyàn ló ń fi ọba jẹ, wọ́n sì lè rọ̀ ọ́ lóyè bí ó bá tẹ òfin lójú.

Ní 1683, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó dìtẹ̀ mọ́ Ọba Charles Kejì. Òfin béèrè ẹlẹ́rìí méjì, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Howard nìkan ló jẹ́rìí ta ko ohun tí Sidney fúnra rẹ̀ ṣe. Ni wọ́n bá kó ìwé àfọwọ́kọ tí ó fi ta ko Filmer, èyí tí wọ́n rí nílé rẹ̀, wá, Adájọ́ Jeffreys sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kejì. Ìrẹ́jẹ pọ́ńbélé ni. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Tower Hill ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá. Ìgbìmọ̀ aṣòfin fagi lé ìdájọ́ náà ní 1689. Ìwé ọ̀hún, Discourses Concerning Government, jáde ní 1698, Thomas Jefferson sì wà lára àwọn tó kà á sí pàtàkì ní Amẹ́ríkà.