Ṣé Orúkọ Ìkànnì Tí Ẹgbẹ́ Yín Fẹ́ Ṣì Wà? Ẹ Béèrè Ọjà Kí Ẹ Tó Sanwó

Orúkọ ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè ní domain, kì í ṣe ohun tí à ń rà tán lẹ́ẹ̀kan. Bí owó ṣọ́ọ̀bù ni, ọdọọdún là ń san án. Ọwọ́ ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ gbà á ló sì máa ń wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹgbẹ́ tó dáwó jọ.

Ó ṣẹlẹ̀ sí wa níbí ní Kánò. Ọmọkùnrin tó ṣe ìkànnì ẹgbẹ́ wa fi orúkọ ara rẹ̀ gbà á, ó wá kó lọ sí ìlú mìíràn. Ọdún yípo, ẹnikẹ́ni ò sanwó; ká tó mọ̀, ẹlòmíì ti gbé e. A fẹ́ gba òmíràn, ẹnìkan ní ká mú ₦90,000 wá. Ọlọ́jà ni mí o, mo ní ẹ jẹ́ kí n béèrè ọjà ná.

Ohun tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀hún ni API. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ kan fi ń bi ẹ̀rọ kejì ní ọ̀rọ̀ ni. Ẹ wò ó bí ìgbà tí mo bá rán ọmọ ìṣọ́ọ̀bù mi lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà ńlá: ṣé ó wà, èló ni? Ọmọ náà ò ní jókòó tàkúrọ̀sọ, ìdáhùn nìkan ló máa gbé wá.

Bí ó bá kọ available: true, orúkọ náà ṣì wà. False, wọ́n ti gbà á. Period ni iye ọdún, currency ni irú owó. Ibi price ni kí ẹ ti la ojú yín dáadáa. Nínú API ti GoDaddy, 11990000 kì í ṣe mílíọ̀nù mọ́kànlá o! Ẹ pín in sọ́nà mílíọ̀nù kan: dọ́là 11.99 ni. Bó bá sì kọ definitive: false, kò tíì dájú, ẹ má tíì sanwó.

API tó ń sọ iye owó sábà máa ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ alágbàtà. Èyí tí kò gba kọ́kọ́rọ́, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́, ni RDAP. Fún .com, ẹ tẹ rdap.verisign.com/com/v1/domain/ sínú fóònù, kí ẹ fi orúkọ tí ẹ fẹ́ sí ìdí ẹ̀, pẹ̀lú .com. Bí àkọsílẹ̀ bá jáde, ó ti ní olówó, ẹ ó sì rí ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa parí. Bó bá jẹ́ 404, kò tíì sẹ́ni tó gbà á. RDAP kì í sọ iye ṣá.

Ti .ng, NiRA ló ń bójú tó o, àmọ́ ọwọ́ àwọn alágbàtà tí wọ́n fọwọ́ sí la ti ń rà á. Ẹ béèrè owó ọdún kejì pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹ̀dínwó ọdún àkọ́kọ́ fa ojú oníbàárà. Orúkọ tí wọ́n bá sì pè ní premium, owó gọbọi ni.

Èyí tí a fẹ́ kò tó ìdajì iye tí wọ́n bù fún wa. Orúkọ ẹgbẹ́ la fi gbà á, pẹ̀lú ímeèlì ẹgbẹ́. Èmi àti akápò la jọ mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹ̀, a sì ti kọ ọjọ́ tó máa parí sára kàlẹ́ńdà ilé ìpàdé.